Ẹni Ẹ̀yìn Lórí Òkè Gígùn

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1996, ni mo dúró sí ìkóríta kan ní Narayi, ní ìlú Kàdúná, pẹ̀lú àpò ẹ̀yìn tí mo yá àti bàtà kánfáàsì tí mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Aago náà dá mi lójú nítorí mo wo ọwọ́ mi bí ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá ń bà mí. Mo máa ń wo aago, àfi bíi pé ẹ̀rù náà ní wákàtí tó máa ṣíwọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé kí ni mo lọ ń gun òkè kiri fún lókè Ọya lọ́hùn-ún. Mo ti dá àwọn kan lóhùn pé mo kàn ń najú ni. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ni mo ń wá.

Mo ní láti ṣàlàyé. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní Kàdúná ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n n kò wálé. Ilé àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ní Narayi ni mo jókòó sí. Bí mo tilẹ̀ ní mo jókòó, n kò jókòó. Mo ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí, mo ń gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá, mo ń lọ sí ẹnu ọ̀nà lọ wo ẹni tí kò kan ilẹ̀kùn. Jógíráfì ni mo kà ní yunifásítì. Ẹni tó bá ka jógíráfì ti gbọ́ ìbéèrè náà títí: "Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?" Bàbá mi ti bá mi wá ìdáhùn sí i. Ó kọ lẹ́tà pé òun ti bá ọ̀gá ilé-ìwé kan nílé sọ̀rọ̀, pé àyè olùkọ́ kan ṣí sílẹ̀, kí n dé kí ọdún tó yí. Ojú ewé kan péré ni lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n mo kà á títí ó fi fẹ́ ya níbi tí mo ti ń ká a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo fojú tín-ín-rín iṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ ló kọ́ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tí mo bá fojú inú wo ara mi nínú kíláàsì yẹn, fèrèsé ni mo máa ń rí ara mi tí mò ń wò.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ nípa Baba Awọnlẹ̀. Alhaji Ràímì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná, tó wọn ilẹ̀ fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìntì. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì ló ti ń kó àwọn ènìyàn lọ rìn lórí òkè gígùn kan lápá gúúsù ìlú, ìrìn fẹ́ẹ́rẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìrìn àárín, àti ìrìn líle láti ìbẹ̀rẹ̀ òkè náà dé òpin rẹ̀. Lọ́dún yẹn wọ́n wá gbé iṣẹ́ kan fún un, pé kí ó ya àwòrán gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lórí òkè náà. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni. Ó nílò ọ̀dọ́ méjì, ọ̀kan tí yóò máa lọ níwájú àwọn tó bá ń bá a rìn, ọ̀kan tí yóò máa bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní ìrìn mẹ́ta ni òun máa fi wo ẹni tó bá wá.

Iṣẹ́ ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé àǹtí mi, kí ó má baà dàbí àlá lẹ́nu mi.

Iná

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín dúró. Ọkọ̀ gbé wa, ọkọ̀ sọ̀ wá kalẹ̀.

Nígbà tí a dé ìdí òkè náà, ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé kò ga. Dogon Dutse ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ìyẹn òkè gígùn, gígùn rẹ̀ ló sì ń dẹ́rù bani. Ó nà sílẹ̀ bí ẹ̀yìn màlúù ńlá kan tó dùbúlẹ̀, a kò rí orí, a kò rí ìrù. Koríko ti gbẹ, ó ti di àwọ̀ èèpo búrẹ́dì. Wọ́n ń sun igbó lápá kejì, èéfín sì ń gba imú wa láti àárọ̀.

Àwa mẹ́wàá ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀ nínú wa, tọkọtaya kan tó jẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì péré ni ẹ nílò láti mọ̀. Ọ̀kan ni Lúkà, ọmọkùnrin ẹgbẹ́ mi tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti abúlé kan lórí òkè yẹn gan-an, tó dàgbà sí Kakuri láàárín àwọn Yorùbá, tó sì ń da Haúsá pọ̀ mọ́ Yorùbá bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Iṣẹ́ iwájú ni òun ń wá, gbogbo wa sì ti mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ẹnì kejì ni Ìyá Àfúsá, obìnrin ará Ọ̀yọ́ tó ń ta abọ́ táńgaran lọ́jà. Dókítà ló ní kí ó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, "ọkọ mi" ló sì ń pe Lúkà.

A rìn fún bíi wákàtí kan, Baba Awọnlẹ̀ ní ká sinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí òmíràn, ó ń bi wọ́n ní ohun kan, wọ́n ń dá a lóhùn. Ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ina gajiya?"

Mo fò dìde. "Iná? Níbo? Níbo ni iná wà?"

Ẹ má bínú sí mi. Ọdún kan ni mo lò ní Kàdúná lóòótọ́, ṣùgbọ́n Haúsá ọjà ni mo gbọ́, mélòó ni, ó ti wọ́n jù. Èéfín sì ti wà nímú mi láti àárọ̀, iná ni mo ń rò ṣáá. Mo ti gbé àpò mi kọ́ apá, mo ti ń wá ibi tí màá sá gbà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó olùkọ́ yẹn jókòó sílẹ̀.

"Haba, Kọ́pà!" Lúkà ní. "Ṣé ká lọ pe panápaná wá?" Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní Dúpẹ́ mọ́. Iná ló ń pè mí.

Ìyá Àfúsá fà mí mọ́ra. "Ọmọ mi, gajiya ni àárẹ̀. Ó ń bi ọ́ pé àárẹ̀ ńkọ́. O máa ní, 'Ba gajiya.' Kò sí àárẹ̀."

"Tó bá wá rẹ̀ mí ńkọ́, mà?"

Ó wò mí. "Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn?"

Ó yé mi, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀ mí lára. Nígbà tí a tún sinmi, tí Baba tún bi mí, ẹnu mi ti là kí n tó rántí. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi ń dùn mí díẹ̀, pé kì í ṣe ìrora tó burú, pé ó dàbí ìgbà tí ènìyàn bá wọ bàtà ẹlòmíràn, pé orun kò kùn mí ní ọjọ́ mẹ́ta nítorí lẹ́tà bàbá mi, pé bàbá mi fẹ́ kí n wá kọ́ni nílé, pé n kò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ fún un, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló ń dun ẹsẹ̀ mi. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gbọ́ Lúkà lẹ́yìn mi.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ṣì ń bọ̀."

Ojú tì mí títí dé etí. Baba Awọnlẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Tóò," ó sì kọjá. Mo rò pé mo ti pàdánù iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu bí ẹni ń kọ́ sùúrà: ba gajiya, ba gajiya, ba gajiya.

Kúnú

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìrìn kejì, ìrìn àárín. Lọ́jọ́ yẹn, Baba fi mí sí ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀yìn ṣe rí. Ẹni tó wà níwájú ń rí ọ̀nà, ó ń rí ojú ọ̀run. Ẹni tó wà lẹ́yìn, ìgigísẹ̀ ènìyàn ni ó ń rí. Mo mọ ìgigísẹ̀ gbogbo wọn kí oòrùn tó mú. Mo mọ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, mo mọ ẹni tí bàtà rẹ̀ ti là. N kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni, n kò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan èmi ni mo máa bi wọ́n. Lẹ́yìn náà màá pariwo fún Lúkà níwájú pé wọ́n wà dáadáa, ká tó gbéra.

"Ina gajiya?"

"Ba gajiya."

"Ina gajiya?"

"Ba gajiya, Kọ́pà."

Inú mi dùn. Gbogbo wọn dá mi lóhùn bó ṣe yẹ, èmi náà sì dá Baba lóhùn bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ìléròrò kan ti wú sí ìgigísẹ̀ mi tó ẹ̀pà. Lúkà rí mi bí mo ṣe ń tiro.

"Iná, kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Ba gajiya."

"Ẹsẹ̀ ni mo bi. N kò bi ẹnu."

Ọ̀sán ni a dé abúlé kan tó jókòó sí èjìká òkè náà, abúlé àwọn Gbagyi, ẹ̀yà tó ń gbé orí òkè náà. N kò tíì dé ibì kan rí tí mo ti jẹ́ àlejò tó bẹ́ẹ̀. Ní Kàdúná, Yorùbá pọ̀, kò sí ẹni tó ń wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Níbí, àwọn ọmọdé dúró lórí àpáta, wọ́n ń kígbe, "Bayarabiya! Bayarabiya!" Obìnrin Yorùbá ni wọ́n ń wí. Ìyá Àfúsá juwọ́ sí wọn bí ìyàwó gómìnà. Èmi kò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe. Mo kì í bọ àpò, mo yọ ọ́, mo so bàtà tí kò tú.

Obìnrin kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìdì igi ńlá kan. Èjìká ló gbé e lé. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀, orí náà dá dúró gangan, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ìdì igi náà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé. Gbogbo obìnrin ibẹ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lúkà ní wọ́n kì í di ẹrù lé orí níbẹ̀, pé orí kì í ṣe alábàárù. Mo ronú nípa orí tèmi àti gbogbo ohun tí mo ti dì lé e láti oṣù kẹjọ, ó sì wù mí kí n gbé díẹ̀ sọ sí èjìká.

Tàlátù ni orúkọ obìnrin náà. Ó bu kúnú fún wa nínú igbá. Kúnú tí wọ́n fi tsámíyá, ìyẹn ajagbọn, sí ni, ó kan, ó sì ní atalẹ̀ tó ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Ó fún wa ní túwó dáwà, òkèlè ọkà bàbà, pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, ewé igi oṣè tí wọ́n gún, tó ń fà bí ilá ṣùgbọ́n tí òórùn rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù. Ohun tí mo kíyè sí ni pé kò dúró lé wa lórí bí a ṣe ń jẹ. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń tú igi rẹ̀. Ní ilé wa, a máa ń bi àlejò pé ṣé ó yó, àlejò á ní òun yó, a óò ní irọ́ ni, a óò tún bù sí i. Tàlátù kò béèrè. Nígbà tó yíjú padà, ó wo inú igbá wa, ibi tó gbẹ ló bù sí.

Kí a tó kúrò, Ìyá Àfúsá tẹ̀ mọ́ mi létí. "Wọ́n ní tí o bá ṣe ti ìrìn kẹta tán, o ti gba iṣẹ́ náà?"

"Bí kò bá sí wàhálà lẹ́yìn ni, mà."

"Wàhálà kankan ò ní í sí," ó ní, ó sì gbá mi lẹ́yìn.

Láti orí dé ìrù

Ọjọ́ keje oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti dé. Ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Ó ń la ètè, ó ń la ìgigísẹ̀, òkè tó wà níwájú wa di òjìji funfun. Ìrìn líle nìyí, láti òpin kan òkè náà dé òpin kejì.

Nígbà tí a fẹ́ gbéra, Baba Awọnlẹ̀ wo Ìyá Àfúsá, ó ní òun kò rò pé ó yẹ kí ìyá bá wa lọ. Ìyá ní ẹsẹ̀ ta ni. Baba yíjú sí mi.

"Ìwọ lo wà lẹ́yìn. Kí lo rí?"

Ohun tí mo rí ni Ìyá Àfúsá tó ń ṣẹ́jú sí mi lẹ́yìn Baba. Mo ní, "Wọ́n á lè rìn ín, sà."

Ní ìsinmi àkọ́kọ́, Ìyá dá mi lóhùn kí n tó béèrè tán. Ní ìsinmi kejì, mo rí i pé kò tíì fọwọ́ kan máásà tó rà dání, àkàrà ìrẹsì tó fẹ́ràn, tó máa ń pín fún gbogbo wa. Mo tún rí i pé láti òwúrọ̀ kò tíì pe Lúkà ní ọkọ òun. Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i, nítorí gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí, ibẹ̀ ló ń lọ. Ní ìsinmi kẹta, ó dúró, kò jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpáta mú.

"Ìyá, ina gajiya?"

"Ba gajiya, ọmọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára àpáta. Mo ronú pé òpin òkè kò jìnnà mọ́. Mo ronú pé ó ti dáhùn, pé èmi ta ni tí màá sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa. Mo ronú nípa fèrèsé kíláàsì yẹn. Lẹ́yìn náà mo gbé ohùn sókè sí iwájú.

"Gbogbo wọn wà dáadáa!"

A kò tíì rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Ìyá Àfúsá fi jókòó sáàárín ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gé okùn rẹ̀. Kò ṣubú. Ó kàn jókòó, kò sì lè dìde. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo pariwo pe Baba, gbogbo wọn sáré padà, wọ́n yí i ká, oníkálukú ń béèrè. Ìyá, kí ló dé? Ìyá, ṣé àyà ni? Ìyá, ṣé ẹ lè rìn? Ó ń dá gbogbo wa lóhùn: "Kò sí nǹkan. Ba gajiya. Ẹ jẹ́ kí n kàn mí díẹ̀." Ètè rẹ̀ funfun.

Ibi tí a wà yìí kò jìnnà sí òkè abúlé Tàlátù, òun ló sì yọ sí wa láti inú koríko pẹ̀lú ìdì igi ní èjìká. Ó wò wá. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, ó la àárín wa kọjá, ó jókòó ti Ìyá Àfúsá lórí ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ bíi tirẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Wayyo," ó ní. "Ni na gaji." Ó rẹ èmi o.

Ìyá Àfúsá yíjú wò ó. Ọyẹ́ ń fẹ́ koríko. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ojú Ìyá yí padà, tí omi dé sí i.

"Ni ma," ó ní. Èmi náà. Ó wá bọ́ sí Yorùbá, ó ń wo Tàlátù tí kò gbọ́ Yorùbá. "Ó rẹ̀ mí, ìyá mi. Láti ìsinmi àkọ́kọ́ ló ti rẹ̀ mí. Ojú mi ń ṣókùnkùn."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?" Baba Awọnlẹ̀ bi í.

"Iṣẹ́ ọmọ yìí ńkọ́?" Ó nawọ́ sí mi láì wò mí. "Ẹ ní kí wàhálà má sí lẹ́yìn. Ṣé èmi ni mo máa wá jẹ́ wàhálà?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. N kò lè dúró, n kò lè jókòó. Mo ń bọ́ àpò, mo ń gbé e padà.

Tàlátù fún un lómi díẹ̀díẹ̀ láti inú akèrègbè rẹ̀. Lúkà bẹ̀rẹ̀ níwájú Ìyá, ó ní kí ó gun ẹ̀yìn òun, òun mọ ọ̀nà àbùjá kan tó sọ̀ sí abúlé. Nígbà tí wọ́n gbé e dì mọ́ ọn lẹ́yìn tán, ohùn Ìyá ti ń padà bọ̀.

"Ìgbà wo ni ọkọ ti ń pọn ìyàwó?"

"Láti ìgbà tí ìyàwó ti ń purọ́ fún ọkọ," Lúkà dáhùn, ó sì gbéra.

Èmi ni mo kẹ́yìn. Ìgigísẹ̀ Lúkà ni mo ń wò bí ó ṣe ń wọnú iyanrìn lábẹ́ ìwọ̀n ènìyàn méjì, ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí mo rí àárẹ̀ rẹ̀ tí mo sì dákẹ́.

Lábẹ́ igi oṣè

Ìyá sùn lórí ẹní ní ilé Tàlátù títí oòrùn fi rọ̀. Dókítà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, ó ní kò sí ewu, ṣùgbọ́n kí ó máa rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá dáadáa báyìí, ó ti padà sí ìdí abọ́ rẹ̀.

Lábẹ́ igi oṣè abúlé náà ni Baba Awọnlẹ̀ ti pè mí. Ó jókòó lórí gbòǹgbò, mo kúnlẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

Mo ti to àlàyé sílẹ̀, ó gùn, ó ní orí, ó ní ẹsẹ̀. N kò lò ó. "Mo rí i, sà."

"Ìgbà wo?"

"Láti ìsinmi kejì."

Ó ń fi igi kékeré kan wọn ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bi ọ́ pé àárẹ̀ ńkọ́. O dúró, o sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, o sọ ọ̀rọ̀ orun, o sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ, Lúkà ní ká jókòó. Ọjọ́ yẹn ni mo wí fún ara mi pé, madalla, ọpẹ́ ni, mo ti rí ẹni ẹ̀yìn." Ó ju igi náà nù. "Lẹ́yìn náà lo wá gbọ́ Haúsá."

Mo na ọwọ́ mú igi tó jù nù náà, mo dá a padà fún un.

"Ọdún wo ni mo ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè yẹn lórí òkè yìí. Ìkíni ni. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Ẹni ẹ̀yìn kì í gbé ara lé e. Tàlátù kọ́kọ́ sọ àárẹ̀ tirẹ̀, ẹlòmíràn wá rí ọ̀nà gbé tirẹ̀ kalẹ̀." Ó wò mí. "Ìwọ lè ṣe é. Ẹ̀rù ló bà ọ́, kì í ṣe pé o kò lè ṣe é."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, iṣẹ́ náà..."

"Lúkà ni iwájú. N kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yìn. Oṣù kejì ni a máa bẹ̀rẹ̀. Máa lọ sílé. Bàbá tó kọ lẹ́tà sí ọ yẹn, bí o bá lè jókòó tì í, kí o sì sọ bó ṣe rẹ̀ ọ́ tó fún un, máa bọ̀, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́. Bí o kò bá lè sọ ọ́, dúró sílé, kọ́ àwọn ọmọ. Iṣẹ́ gidi ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹni tí kò lè sọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn àwọn ènìyàn mi."

Ilé

Mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wa, mo ti pàdé ènìyàn mọ́kànlá, mo kà wọ́n. Mo máa ń ka nǹkan tí ọkàn mi kò bá balẹ̀.

"Dúpẹ́! Kú ìrìn o! Ṣé kò rẹ̀ ọ́?"

"Kò rẹ̀ mí, mà."

"Àwọn ará ọ̀hún ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, sà. A dúpẹ́."

Bí mo ṣe dá àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá lóhùn nìyẹn, ẹnu mi sì ń lọ geerege. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ èdè yìí, ó ju Haúsá lọ. Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi dìde lórí àga rẹ̀, ohun tí kì í ṣe fún ọmọ. Ó ti rà mí ní àpò awọ, irú èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń kó ìwé. Ó ti fi òróró pa á títí ó fi ń dán. Ó gbé e fún mi kí n tó jókòó.

"Kú ìrìn. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, sà."

Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn, ó padà jókòó. Láti ọjọ́ yẹn, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń jí pẹ̀lú ìpinnu pé òní ni. Mo máa ń jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ mi bíi ti Tàlátù. Mo mí kanlẹ̀. Bàbá mi á wò mí, á ní, "Ṣé kò sí o?" Ẹnu mi á ti dáhùn kí n tó mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní ni ilé-ìwé máa wọlé. Oṣù kejì ni iṣẹ́ òkè máa bẹ̀rẹ̀. Àpò awọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, bàtà kánfáàsì mi wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn òkè nínú. N kò tíì gbọn iyanrìn náà dànù, n kò sì tíì fi ìwé kan ṣoṣo sínú àpò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gba iṣẹ́ olùkọ́ náà kí inú bàbá mi má bàjẹ́, kí n gbàgbé òkè? Tàbí kí n padà lọ, bí mo bá sì máa lọ, ọ̀nà wo ni mo máa gbà sọ ọ́ fún ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àpò awọ dán nítorí mi? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn òbí yín sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kí ni gbólóhùn tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀? Bàbá mi kì í ka ìwé ẹgbẹ́ yìí, ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà kéékèèké mọ́. Bí ẹnì kan nínú yín bá sì kà á sí i létí kí ẹnu mi tó là, n kò ní bínú.

Ilé wa ni mo wà, ẹ mọ ilé náà. Ẹ yà wá. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá dé, ẹ má bi mí pé ṣé dáadáa ni mo wà. Ẹ jókòó tì mí, kí ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín.